Wọ́n Gbé Ẹ̀yìn-Irin Bí Àpò Sìmẹ́ǹtì

Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ̀yìn bá ti ro ọ́ rí, fara balẹ̀ ka ìtàn yìí. Bí kò bá sì ro ọ́ rí, ìwọ gan-an ló yẹ kó o kà á.

Alábàárù kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí sìmẹ́ǹtì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ̀yìn-Irin. Bí ẹlòmíì bá gbé àpò kan, á ní kí wọ́n gbé èkejì lé òun. Ọtí líle ló fi ń ṣínu láàárọ̀. Ẹ̀rín ló sì fi ń dá ìwàásù lóhùn.

Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì kì í jẹ́ kó kọjá lásán. "Ọmọ mi, Jésù ń pè ọ́ o. Kí lo fẹ̀yìn tì láyé yìí?"

"Ẹ̀yìn mi yìí náà ni, Baba!"

"Ẹ̀yìn kì í fẹ̀yìn ti ara rẹ̀, ọmọ mi."

Àwọn alábàárù á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní Baba tún ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́.

Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìrora gba itan sọ̀ kalẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa kú bí ẹni pé ó jókòó lé e. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ̀yìn tó ń bọ́ ẹ lo fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ wò bíi búrẹ́dì?" Ló bá fi kún ọtí. Ọtí kò wo ẹ̀yìn o, ó kàn dí i lẹ́nu kó má baà kígbe ni. Àwọn àgbà sì ti sọ pé àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gun pákó tí wọ́n ń gbà wọ inú ọkọ̀ ẹrù, àpò méjì lọ́rùn, nígbà tí nǹkan dún pàù nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣubú. Kò lè dìde, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé. Baba onígéètì ń pariwo láti òkèèrè pé, "Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀! Ẹ wá pákó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀!" Ta ni yóò kọ́ alábàárù ní ẹrù gbígbé? Wọ́n gbé e kọ́ èjìká ọ̀kan nínú wọn, ikùn lórí èjìká, orí nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ wọn. Kí wọ́n tó gbé e dé inú ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti dákẹ́, kò mì mọ́.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e o. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan fi fọ́tò inú ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà hàn án. "Ẹ wo ibí yìí, sà. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni okùn kan gbà kọjá, òun ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sí ẹsẹ̀, sí ìfun, sí àpò ìtọ̀, tó sì ń gbé èsì padà. Egungun tó yẹ̀ ti tẹ okùn yẹn pa. Ẹsẹ̀ yín ò ṣàìsàn. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kì í dé mọ́."

"Ṣé ẹ máa tún un ṣe?"

"A máa ṣiṣẹ́ abẹ, kí egungun má baà yẹ̀ sí i. Àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé ẹ máa rìn."

Wọ́n ṣe é. Kò rìn. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń yí i sọ́tùn-ún, sósì, kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Eṣinṣin bà lé e lẹ́sẹ̀, ó ń wò ó, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé.

Baba onígéètì wá wò ó. Kò wàásù. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn-Irin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Baba, gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ń pè mí, ìpè yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọtí àti ìgbéraga ti tẹ okùn ọkàn mi pa. Mo fẹ́ gbàdúrà, àmọ́ mi ò lè kúnlẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú ìtọ̀ ara rẹ̀?"

Omi lé ròrò sójú Baba. "Olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, ṣé ó kúnlẹ̀ ni? Kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un. Ẹnu yẹn ló fi bẹ Jésù pé kó má gbàgbé òun, Jésù sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀."

Ẹ̀yìn-Irin di ojú. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè gbé mọ́. Jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o gbé mi."

Mi ò ní purọ́ fún ọ: ẹsẹ̀ náà kò mì, kò sì tíì mì títí di òní. Ó ṣì ń sunkún nígbà míì. Àmọ́ kì í dá nìkan sunkún mọ́, Jésù wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bí ẹ̀yìn bá ń ro ọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ ń kú, lọ rí dókítà, má fi ọtí dí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ tó ti kú sí ohùn Ọlọ́run, dókítà wo lo fẹ́ gbé e lọ bá? Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀yìn-Irin náà rò pé òun ní ọ̀la, láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú. Jésù ń pè ọ́ báyìí, kó o tó gbé ìwé yìí kalẹ̀. Bí orúnkún rẹ bá ṣì lè tẹ̀, kúnlẹ̀. Bí kò bá sì lè tẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ tó.