Àga Ẹni Tó Ń Ṣàìsàn

Nígbà tí àwọn aránṣọ dé láti ibi oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n bá ìdì aṣọ búlúù kan lórí tábìlì ìgéṣọ, ẹnì kan ti gé e wélewèle. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni wọ́n fẹ́ fi rán. Sísọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ibi náà wà lórí rẹ̀ gbalaja, kò sì sẹ́ni tí kò mọ òkùn pupa tí wọ́n so mọ́ ọn lára. Sísọ́ọ̀sì Agéṣọ ni, obìnrin tó ti ń sinmi nílé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀sọ̀, nítorí pé kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti parọ́ fún un rí ì bá kúkú fẹ́ kó pariwo.

Alábòójútó yàrá náà, ọkùnrin kan báyìí tó gbáfẹ́, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ọ̀gá. Agéṣọ wá síbí lọ́sàn-án yìí. Ó ní òun mú ìwé dókítà wá, pé ìsinmi òun ò tíì parí. A fi í sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀, a lọ jẹun. Ẹ wo ohun tá a padà wá bá."

"Kí ló máa mú un ba aṣọ jẹ́?"

"Inú ń bí i pé ẹlòmíì jókòó sórí àga òun ni."

Ẹ̀sọ̀ gbé etí aṣọ náà sókè, ó wò ó títí. Ibi gbogbo ló rí jákujàku, bí ohun tí eku jẹ.

Ìyá àgbà tó ni ilé-iṣẹ́ náà ò lè gbé ojú sókè. "Òfin ò gbà kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn," ó ní. "Àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dè é, owó àìlera rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ló ṣe èyí, òfin yẹn ò ní gbà á sílẹ̀ mọ́. Lónìí náà ni mo máa dá a dúró."

Ẹ̀sọ̀ lọ bá Agéṣọ nílé. Orí ibùsùn ló wà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí ikùn, ó ń fi òsì mu omi.

"Ẹ má bínú, sà, mi ò lè dìde kí yín."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gé aṣọ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo sinmi díẹ̀, mo wọ́ ẹsẹ̀ wálé. Sà, ọkọ mi ti kú. Tí owó àìlera mi bá dúró, oògùn dúró nìyẹn. Ta ló tún máa gba obìnrin tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná síṣẹ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe Ẹ̀sọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò lè gbé àánú lọ bá ìyá àgbà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ó padà sí yàrá ìránṣọ, ó mú sísọ́ọ̀sì náà, ó fẹ́ fi gé àkísà kan. Àkísà náà ká sáàárín abẹ rẹ̀, kò gé.

"Ṣé ó ti kú ni?" ó bi adelé Agéṣọ, ọmọbìnrin tó jókòó nítòsí.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kò kú, sà. Ti ọlọ́wọ́ òsì ni, abẹ rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni mo mú un, ó dójú tì mí, mo dá a padà sórí ìṣó. Kò sí aránṣọ tí ò mọ̀ níbí."

"Ta ló mú yín wá síbí?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn alábòójútó. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àga yìí ò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Wọ́n kúrò nídìí oúnjẹ ṣáájú wa lónìí. Wọ́n ní àwọn gbàgbé fóònù."

Ẹ̀sọ̀ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé Agéṣọ wá, ó sì pe gbogbo wọn jọ.

"Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá bí ẹ ṣe rò pé ó gé e."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún gba sísọ́ọ̀sì, ó gbé aṣọ, ó fẹ́ gé e. Aṣọ ká kò. Ó fipá tẹ̀ ẹ́, ó bá ya jákujàku. Agéṣọ náà gbà á, ó fi òsì gé tirẹ̀, ó là geere.

"Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ kí n mú Agéṣọ," Ẹ̀sọ̀ ní, "àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló lò. Agéṣọ ò lè gé irú èyí. Àwọn aránṣọ yòókù mọ̀ pé sísọ́ọ̀sì yẹn ò gbọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbí tó ń ṣọ́ àwọn tó ń géṣọ, tí kò gé aṣọ rí láyé rẹ̀."

"Ta ló sọ fún mi pé sísọ́ọ̀sì ní ọwọ́ tirẹ̀!" Ọ̀rọ̀ ti jáde kí alábòójútó tó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n," adelé ń sunkún, "mi ò rán yín níṣẹ́ yìí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò jẹ́ kí n gbádùn nílé! Àárọ̀, alẹ́, 'àbúrò mi, àbúrò mi.'"

Wọ́n mú un jáde. Ojú ti ìyá àgbà, ó sì fa àga náà fún Agéṣọ. "Ẹ dárí jì mí. Àga yín rèé. Lọ́la, ẹ máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Agéṣọ ò jókòó. Ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń mí díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ara mi ò tíì yá. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣàìsàn mi tán."