Obìnrin Olóbì Inú Fíìmù

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún wo fíìmù àtijọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù Fàsásì tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe n'Íbido ní Ṣàgámù, obìnrin olóbì inú rẹ̀ kẹ́yìn sí wọn pátápátá. Nígbà kejì, etí òsì rẹ̀ ti yọ. Fàsásì ní ojú ló ń tàn án jẹ, pé fíìmù tí wọ́n ti yà kì í yí padà.

Fíìmù táyé ti gbàgbé ni, ti àwọn lébìrà Èkó tí wọ́n há mọ́ra sínú yàrá kan, tí wọ́n ń jà sídìí ẹ̀rọ omi. Ìjà wọn ò kan Rẹ̀mílẹ́kún. Àgbàlá wọn ló ń wò, níbi tí obìnrin náà ti ń bó gbàǹja, tó ń gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fi ewé wé e. Bí Rẹ̀mílẹ́kún náà ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́jà obì Ṣàgámù, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn àgbà ilé ní Kàdíjátù, ìyá rẹ̀, nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá náà gbé obì lọ s'Ékòó kí ọmọ tó gbọ́njú, kò sì padà mọ́. Wọn ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Rẹ̀mílẹ́kún ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, kò mọ ojú ìyá tó bí i, ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó tún lọ. Oorun ń kun Fàsásì. Ariwo inú fíìmù ṣàdédé pa rọ́rọ́, òórùn ewé tútù gba inú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà dáwọ́ dúró, kò yíjú.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ló pè é, jẹ́jẹ́.

Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá pè é, tí kò rí ojú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Fàsásì ta jí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn."

Ta ló máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí yóò pa ẹnu mọ́?

"Màámi," ló wí.

Obìnrin náà yíjú. Ó rẹwà, ó sì kéré lọ́jọ́ orí sí ọmọ tó bí. Rẹ̀mílẹ́kún wò ó títí, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tí òun jókòó tì í lórí àpótí nínú àgbàlá náà, tí ọwọ́ òun ti ń bó obì. Omi lé ròrò lójú ìyá rẹ̀.

"O dá mi lóhùn. Ṣé wọn ò kọ́ ọ ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, mà."

"Wọ́n kọ́ èmi náà, mo sì dáhùn."

Lẹ́yìn wọn, Fàsásì ń ké pe Rẹ̀mílẹ́kún láti ọ̀nà jíjìn. Ó fẹ́ yíjú sí i, ọrùn rẹ̀ kọ̀. Ó mú obì mìíràn, ó gbé e símú. Kò ní òórùn kankan.