Àwọn Méjì Tí Wọ́n Sin Ara Wọn

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ. Ọ̀sán gangan ni ó ṣojú Haoua, nínú ilé wọn ní Patte d'Oie, àdúgbò kan ní Ouagadougou, nígbà ìjọba Sankara, kété tí ogun Burkina àti Mali parí.

Sàláwù, ọkọ rẹ̀, ti ojú ogun dé láìní ọgbẹ́ kankan. Haoua dúpẹ́, ṣùgbọ́n ara fu ú. Ẹni tó ń fi àwàdà pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo ènìyàn ti la, tirẹ̀ ń dán. Mariama, ọmọ wọn, kì í jẹ́ kí ó gbé òun. Sàláwù kì í jáde, síbẹ̀ àràárọ̀ ni Haoua ń gbá iyanrìn funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Haoua yọjú lójú fèrèsé. Félix ni, ọ̀rẹ́ Sàláwù tí wọ́n jọ lọ sógun. Ó ti ṣí fìlà.

"Pardon, Ìyá Mariama. Ó yẹ kí n ti wá."

"Kí ló dé?"

"Sàláwù. Ọwọ́ mi ló kú sí. Èmi ni mo sin ín."

Haoua rọra padà sínú yàrá. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Ta ni?"

"Félix ni, Bàbá Mariama."

"Félix ti kú. Èmi ni mo gbẹ́ sàréè rẹ̀. Má ṣílẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Haoua pọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣí i.

Félix wọlé. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"O dé," ni Sàláwù wí.

"Mo dé."

Sàláwù sún, Félix jókòó sórí ẹní. Haoua tẹ́tí. Kò gbọ́ èémí ẹnikẹ́ni, àfi ti ọmọ tó pọ̀n. Ó jáde láìwọ bàtà, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé Àjọkẹ́, ìyá rẹ̀, ní àdúgbò Zangouettin.

Lọ́jọ́ kejì, Àjọkẹ́ lọ wo ilé náà. Ìyá onírẹsì tó wà níwájú ilé ní òun kò rí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Àjọkẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan dáhùn láti inú wá pé kí ó wọlé. Kò wọlé.

Nígbà tó padà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò jókòó. Ó ń wo Haoua.

"Màmá, ta ló dá yín lóhùn?"

"Ìwọ ni."

Àjọkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn.

"Gbé ọmọ yẹn fún mi."