Ewé Abẹ́ Igi Obì

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Hasanat ń ránṣọ níta ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Ọmọ́títí, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abigi dé ni. Kò tilẹ̀ tíì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Jedidiah ti kú o. Àìsàn ránpẹ́ ni. Wọ́n ti sin ín sí Efire."

Hasanat kò kígbe. Ta ni yóò wá bá a kẹ́dùn? Kì í ṣe opó, kì í ṣe ẹbí. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò pe ara rẹ̀ kó tó sunkún.

Ìgbà òjò kan ni òun àti Jedidiah pàdé. Òjìji igi obì ẹ̀yìn ilé Alhaji Rùfáì, bàbá Hasanat, pọ̀ débi pé koríko kì í hù lábẹ́ wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá a wọ́ erùpẹ̀ lọ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ògiri. Jedidiah ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí àwọn Aládùúrà ti ń ṣe.

"Sìsítà, ilẹ̀ yín ti ń ṣàn lọ sí ìlú wa létí omi o!"

"Ẹ bá wa gbé e padà, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ lásán!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún padà wá, ó kó gbòǹgbò ewé eéran dání, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

"Àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀bẹ̀ fún oòrùn," ló wí. "Wọn kì í sì í kánjú. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rìn. Sùúrù ni, Hasa mi."

Ó gbìn wọ́n sábẹ́ igi obì náà, ó sì fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bomi rin wọ́n. Alhaji kò fẹ́ àna Aládùúrà rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò mìíràn rọ̀ tí àgbàrá kò wọ́ erùpẹ̀ lọ mọ́, baba náà dúró lójú fèrèsé, ó wò ó títí.

"Sọ fún ọmọ yẹn kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Àárọ̀ ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ayọ̀ kò jẹ́ kí Hasanat jókòó. Àna ń bọ̀, àgbàlá yóò ha rí bí igbó? Ilẹ̀ tó mọ́ láú ni wọ́n fi ń pọ́n àlejò lé. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọkọ́, ó ro abẹ́ igi obì kanlẹ̀ pẹ̀lú ewé náà, ó sì gbá a.

Ohun tí Ìyá Jedidiah kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Níbo ni ohun tí ọmọ mi gbìn wà?"

Ẹ̀rù ba Hasanat. "Mo... mo rò pé igbó ni, mà."

"Ohun tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bomi rin, igbó ni?" Ìyá náà dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Jedidiah padà wá nírọ̀lẹ́. "Olólùfẹ́ mi, ṣáà sọ pé o kábàámọ̀. Òun ni màá fi bẹ Màámi."

Ìtìjú ti di ìbínú nínú Hasanat. "Nítorí ewé? Ṣé ewé lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Jedidiah pẹ̀yìn dà. Ó kó lọ sí Efire, ìlú wọn létí omi.

Kò pẹ́ tí òjò dé tí ewé eéran tún yọ orí láti inú gbòǹgbò tí ọkọ́ kò dé. Hasanat rí i. Ó yẹ kó ránṣẹ́ nígbà náà. Ó ní kí Jedidiah kọ́kọ́ ránṣẹ́ ná. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tó ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìròyìn náà, Hasanat din àkàrà, ó gbé e síwájú ilé, ó ń pín in fún àwọn tó ń kọjá. Alhaji ti mọ́sálásí dé.

"Sàárà ta ni èyí?"

"Ti Jedidiah ni, Bàbá."

"Aládùúrà yẹn? Kí ló jẹ́ sí ọ?"

Omijé tí kò tíì dà láti ọjọ́ yìí wá dà.

"Àfẹ́sọ́nà mi ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ rí."

Alhaji wo àkàrà náà. Ó wá rọra na ọwọ́ ọ̀tún.

"Ọlọ́run yóò forí jì í," ló wí.

Hasanat fi àkàrà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.