Ìwé Ìròyìn Abẹ́ Àkàrà

"Ìdẹ̀ra! Ṣé o ti wọ bàtà?" Yétúndé, ìyá rẹ̀, ké láti ilé ìdáná. "Àkàrà Grandpa ń tutù o!"

Ìdẹ̀ra ti wọ bàtà tipẹ́. Kò kàn lè jókòó sójú kan ni. Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo bọ́ọ̀sì Etobicoke, àdúgbò wọn lókè òkun, tó ń kọjá nísàlẹ̀, ó tún padà wá. Ibi tí wọ́n ń rán an yìí ni kò fẹ́ lọ rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló sì ń kó jọ. Kì í ṣe gbogbo ìwé ìròyìn o! Àwọn tó ròyìn ọjọ́ tí ẹni tó ń gbá beisibọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ṣe ohun ńlá nìkan ni. Mọ́kànlá ló ní. Èyí tó ń wá lójú méjèèjì wà lọ́wọ́ Grandpa Adékànmí, àgbàlagbà ìjọ wọn tó ń gbé ní North York: ti ọjọ́ tí gbajúmọ̀ kan gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá odi pápá fún ìgbà irínwó (400) láyé rẹ̀. Grandpa yá a fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan pé, ọkàn Ìdẹ̀ra kò gbà á láyè láti dá a padà.

Nígbà tí Grandpa pè é lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ. "Mo ti fi sórí àga yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

Irọ́ gbuu! Láti ọjọ́ náà ni Grandpa ti ń wá abẹ́ àga kiri, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Mummy gbọ́, ó ní òun máa tú yàrá Ìdẹ̀ra wò. Ẹ̀rù ba ọmọ. Ó yọ ìwé náà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, ó tì í bọ àárín òkìtì ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí Mummy ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Ta ni yóò wá a débẹ̀?

"Má jẹ ẹ́ lọ́nà o," ni Mummy wí bó ṣe gbé abọ́ àkàrà lé e lọ́wọ́.

"I won't, Mummy!"

"Ṣé òyìnbó ni mo sọ sí ẹ ni?"

"Mi ò ní jẹ ẹ́, mà."

Nínú bọ́ọ̀sì àti subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó ń gbé abọ́ náà láti itan ọ̀tún sí tòsì. Irọ́ tuntun mẹ́ta ló hun kó tó dé ilé Grandpa, kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn.

Grandpa jẹ àkàrà kan, ó jẹ èkejì. Níbi ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wá awò ojú rẹ̀. Láàárín àkàrà, nọ́ńbà 400 tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sójú ìwé ìròyìn náà ń wò wọ́n, ìwé náà ti mu epo yó.

Ìdẹ̀ra wá rántí. Mummy kì í lo tissue! Láti Ìbàdàn ló ti ń fi ìwé ìròyìn fa epo lára àkàrà, Ìdẹ̀ra sì ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Grandpa kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ń kó àkàrà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé etí ìwé, níbi tí yíǹkì búlúù ti ṣàn káàkiri.

"Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ síbí?"

"Níbo, sà?"

"Jọkẹ́ ìyàwó mi ló kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tá a ti pápá dé. 'Òjò pa wá, ẹsẹ̀ ń ro wá, ṣùgbọ́n ojú wa ló ṣe.' Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú. Kò sí ibòmíràn tí mo ti ń rí ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà lọ́wọ́ Ìdẹ̀ra. Ó wo nọ́ńbà títí ojú fi ń ro ó, kò ka etí ìwé rí. Ó kúnlẹ̀, omijé dà.

"Irọ́ ni mo pa, Grandpa. Mo fẹ́ kó di tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo máa kó mọ́kànlá tèmi fún yín."

"Inú ń bí mi gan-an," ni Grandpa wí. "Mọ́kànlá yẹn, ṣé Jọkẹ́ kọ nǹkan sí wọn lára? Dìde. Mú bírò wá."

Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, Ìdẹ̀ra sì kọ ọ́ sórí ìwé funfun. Ó kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé Jọkẹ́ kọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: ohun tá a bá yá, ẹ jẹ́ ká dá a padà lọ́jọ́ tá a dá, ká má sì fi irọ́ bò ó. Ohun tí ẹni tó ni nǹkan ń rí lára rẹ̀ lè má hàn sí wa rárá. Ìdẹ̀ra ṣì ń kó ìwé ìròyìn jọ, àmọ́ etí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ kà báyìí.