Gbólóhùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ

"Ẹkún tí mo sun níbi ìdánrawò àná, ẹkún ènìyàn kọ́," ni Lionel Pargeter wí, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ìtàgé. "Bí Màmá Delacourt ṣe sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn eré báyìí, omijé mi gbé àga mẹ́fà léfòó. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Ẹja wo?" ni Ìyáàfin Delacourt bi í, ó ń ro tíì rẹ̀. Ogójì ọdún ni àgbà òṣèré yìí ti lò lórí ìtàgé.

"Ẹja tútù, Màmá. Díẹ̀ ló kù kí n mú ọ̀kan lọ sè."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Enid Thwaite kò rẹ́rìn-ín. Àyà rẹ̀ ń lù bí ẹni pé ogún ẹṣin ń sáré níbẹ̀. Lánàá, bí wọ́n ti ń dánra wò lọ́wọ́, ẹnìkan wọ yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n Quarles, ó jí ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi wọ́n pé ta ló jáde. Enid, tó ń di ìwé eré mú láti rán òṣèré létí ọ̀rọ̀, nìkan ló dáhùn pé òun sáré lọ gbé ìkòkò tíì tí wọ́n fẹ́ lò nínú eré. Òótọ́ yẹn ló wá di ẹrù sí i lọ́rùn. Bí aago mẹ́rin bá lù láìrí olè, wọn yóò lé e kúrò ní yunifásítì, ọkọ̀ ojú irin yóò sì gbé e padà sí Barnsley, níbi tí ìyá rẹ̀ ti fi í yangàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adití àdúgbò fi gbọ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Quarles, tí ológbò mẹ́ta lè sùn nínú irùngbọ̀n rẹ̀, kọjú sí Lionel. "Pargeter, ṣé o ò dìde rárá lánàá?"

"Sà, àga ti lẹ̀ mọ́ mi nídìí. Títí Màmá fi wí pé, 'Ẹ tanná, ọmọ wa ti dé.'"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Delacourt. Lionel, tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́ òṣèré wọn, wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Enid dìde. "Ta lo gbọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá ni. Ṣé etí tìẹ di ni?"

"Èmi?" ni ìyá àgbà náà wí. "Èèwọ̀ ìtàgé ni. A kì í sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn títí òǹwòran yóò fi kún ilé eré, kí eré má baà bàjẹ́."

"'Búrẹ́dì àti bọ́tà' ni Màmá fi dípò rẹ̀ lánàá," ni Enid wí. "Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé."

"Inú ìwé eré ni mo ti kà á."

"Nígbà tí à ń rẹ́rìn-ín, níbo lo wà?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Mo... ẹja yẹn, sà..."

Ìyáàfin Delacourt ti fa ìwé eré yọ lábíyá Lionel. Ó gbọ̀n ọ́n. Ìbéèrè ìdánwò já bọ́ láàárín rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin gbáko.

"Jókòó, Enid, ọmọ mi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Òótọ́ tó fẹ́ kó bá ọ náà ló yọ ọ́. Ìwọ Pargeter, ká ní o kàwé bí o ṣe ń purọ́ ni, ò bá ti gba ipò kìn-ín-ní láìjalè."

Lionel kò dúró gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ti fò bọ́ láti orí ìtàgé, ó ń sá gba àárín àga lọ. Ilẹ̀ gbẹ táútáú lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ẹja kankan kò dí i lọ́nà.