Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ìlú Pákó

Ṣé ẹ ti wọ ilé tó níwájú tí kò lẹ́yìn rí? Káfíńtà kan wà tó kan odidi ìlú irú ilé bẹ́ẹ̀. Iwájú wọn dára, fèrèsé ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí sẹ́yìn, igi tí wọ́n fi ti pákó ró ni ẹ ó bá pàdé. Fíìmù ni wọ́n fẹ́ yà níbẹ̀. Kámẹ́rà kì í yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ilé kan ṣoṣo ló ní ògiri yíká. Inú rẹ̀ ni àwọn ará ìlú inú fíìmù náà máa wọ̀, tí a kò ní rí wọn mọ́.

Inú ìwé mẹ́ta kan ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Ọmọbìnrin káfíńtà, tí wọ́n ń pè ní Ajẹ̀wé nílé, ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí èèpo ẹ̀yìn wọn fi bó. Nínú ìwé, àwọn aláṣẹ ìlú ti sọ oòrùn di tiwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá aṣọ síta. Gbogbo yàrá ń run aṣọ tútù. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń kíra, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n olùdarí fíìmù da òkùnkùn bo ìlú tirẹ̀, ó wọ gbogbo èèyàn láṣọ eérú, ó ní kí wọ́n fajú ro.

"Bàbá mi," Ajẹ̀wé wí nídìí oúnjẹ alẹ́, "ìlú tiyín yìí, èèyàn á ti mọ̀ pé ó burú kó tó wọ̀ ọ́. Ti inú ìwé, ẹ ó ti máa gbébẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Bàbá rẹ̀ ní fíìmù kò nímú, báwo ni yóò ṣe gbóòórùn aṣọ tútù? Ìyá rẹ̀ ní bó bá jẹ́ òórùn ni wọ́n ń wá, kí wọ́n wá ya ìbọ̀sẹ̀ káfíńtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tó dun Ajẹ̀wé jù ni ti ilẹ̀kùn. Nínú ìwé, gbogbo ilé ló ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Níparí ìwé kẹta, ọmọdébìnrin kan tó máa ń ru aṣọ tútù ṣí i, ó sì bọ́ síta. Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó jáde. Ìyá tó kọ ìwé náà kò sì jiyàn. Màmá Oníwèé ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọbìnrin, ti kú kó tó kọ ìwé kankan. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sórí àga kan, tí yóò kọjú sí ilé ológiri yẹn, tí yóò máa wo fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sùn.

Ajẹ̀wé bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi gbé ilẹ̀kùn sẹ́yìn ilé náà, níbi tí kámẹ́rà kò ní dé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́, ó bu òróró sí i lórígun, ó ń ṣí, ó ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ya ibi tí àwọn ará ìlú ti ń wọ ilé náà, pákó tó gbẹ bí eegun bẹ̀rẹ̀ sí run aṣọ tútù. Akunlé, ẹni tó kun gbogbo pákó náà, ní ọ̀dà ni. Káfíńtà mọ òórùn ọ̀dà, àmọ́ ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ajẹ̀wé, tí wọ́n mú mọ́ àwọn ará ìlú inú fíìmù, wà lára àwọn tó wọlé. Nígbà tí olùdarí ní kí wọ́n jáde, gbogbo wọn jáde, ó ku òun. Wọ́n ní ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, wọ́n sì gbọ́ tó ń kí ẹnì kan.

Káfíńtà wọlé. Yàrá ṣófo. Ilẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ti fún aṣọ. Níbi tó gbé ilẹ̀kùn sí, pákó gbọọrọ ló wà, kò sí ojú ààlà kankan lára rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á yíká. Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ìdí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Ajẹ̀wé lábẹ́lẹ̀, láàárín pákó.

"Bàbá mi, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú níbí, kò ṣí ni. Àwọn èèyàn ibí ń kí mi. Ara wọn ti yá mọ́ mi jù."

Ó sáré yí sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti fi ìṣó tuntun kàn án pa láti òkè délẹ̀. Ìṣó náà wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọwọ́ ẹni tí kò mọ òòlù dì mú ló kàn wọ́n. Ó gbá olùdarí lọ́rùn ẹ̀wù mú. Olùdarí fi ìyá rẹ̀ búra pé òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Akunlé náà búra. Nígbà tí àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ọmọ náà, àwọn fúnra wọn ló gbé irin tí wọ́n fi ń fa ìṣó wá.

Màmá Oníwèé dìde lórí àga rẹ̀, ó rọra wá dúró lẹ́yìn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, káfíńtà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ. "Ẹ mú tiyín jáde. Ẹ má ṣí i tán."

Káfíńtà kò gbọ́. Ìṣó ń já bọ́. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ funfun tú síta, pẹ̀lú òórùn aṣọ tútù àti ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọwọ́ Ajẹ̀wé yọ. Bàbá rẹ̀ fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ títí ó fi já sáyà rẹ̀, ó tutù, ó ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà nínú ilé. Ó di ọwọ́ kékeré kan mú.

Ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro tótó lára aṣọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí káfíńtà kú iṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rín in lọ́hùn-ún. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí bàbá ọmọ lòun náà.

"Ọmọ mi, ta ló kan ilẹ̀kùn mọ́ yín lórí?"

Ọmọ náà kò wò ó. Ó wo ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, sí ibi tí Màmá Oníwèé dúró sí.

"Màmá mi ni."